Ṣé Láìsí Ẹ̀sìn, Kò Lè Sí Ìwà?

Ìbéèrè tí a fẹ́ là yé ara wa lónìí ni èyí: ẹni tí kò bá ní ẹ̀sìn, ǹjẹ́ ó lè ní ìwà?

Ọmọ ilẹ̀ wa níhìn-ín wà lára àwọn tí ó fi ìwé dáhùn ìbéèrè yìí. Ìkòròdú ni a bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú sí ní ọdún 1913. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ṣe olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà láti 1972 sí 1984. Nínú ìwé tí ó kọ nípa Olódùmarè, tí ó jáde ní 1962, ó ní inú ẹ̀sìn ni ìwà rere ti ń so, àti pé Yorùbá kò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ó tún ní Olódùmarè ni ó fi ifá àyà sínú ènìyàn láti máa tọ́ ọ sí ọ̀nà. A bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà, nítorí ó jẹ́rìí fún wa lójú àwọn tí ń sọ pé abọ̀rìṣà kò mọ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, nínú ìwé tirẹ̀ ní 1991, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ire àwùjọ ni Yorùbá ń wò kí ó tó pe ìwà kan ní rere. Ẹ̀sìn lè ran ìwà lọ́wọ́, kì í ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti ara ààlè. Àgbẹ̀ á so ìgbálẹ̀ tó ti gbó, ìkarahun ìgbín tàbí àjákù bàtà mọ́ igi lóko rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i á mọ̀ pé bí òun bá mú nǹkan níbẹ̀, àṣẹ yóò mú òun. Ẹ̀sìn ní agbára níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àgbẹ̀ tó so ààlè, ṣé olè jíjà kò tíì burú ni? Ó ti burú, nítorí òógùn ẹlòmíràn ni olè ń jẹ. Torí pé ó burú ni a ṣe so ààlè. Kì í ṣe ààlè ni ó sọ ọ́ di burúkú. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rù ààlè nìkan ni kò jẹ́ kí ènìyàn jalè, ọjọ́ tí ó bá dé oko tí kò ní ààlè ni a ó mọ irú ẹni tí ó jẹ́.

Ifá fúnra rẹ̀ kò sọ pé ẹni tí ó mọ Ifá ti ní ìwà. Gbogbo awo mọ ìtàn Ìwà, aya Ọ̀rúnmìlà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣáátá rẹ̀ títí ó fi kúrò nílé, ìmọ̀ Ifá kò kúrò lọ́wọ́ Ọ̀rúnmìlà, ṣùgbọ́n iyì rẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbéra láti wá a kiri. Nínú Ìká Òfún pẹ̀lú, a fún àwọn àgbà ní òfin kí wọ́n lè dàgbà: kí wọ́n má tan ènìyàn jẹ, kí wọ́n má rẹ́ aláìlera jẹ. Wọ́n rú òfin náà, wọ́n sì kú. Àwọn tí a kìlọ̀ fún yìí kì í ṣe aláìlẹ́sìn. Awo ni wọ́n.

Àwa ará Ìkòròdú kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan, nítorí ohun tí ojú wa rí ní 2016 àti 2017. Àwọn apànìyàn tí a ń pè ní Badoo ń wọlé lóru, wọ́n ń fi ọmọ ọlọ fọ́ orí òbí àti ọmọ. Ní Oṣù Kìíní ọdún 2018, ọlọ́pàá wó ojúbọ kan ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n ní àwọn apànìyàn náà ń lò. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ojúbọ, wọn kò ní ìwà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn nìkan. Ní 2017 kan náà, àwọn ará àdúgbò tí inú ń bí mú àwọn tí wọ́n fura sí, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sun wọ́n. Aláìṣẹ̀ sì wà nínú àwọn tí ó kú. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ojúbọ kún ìlú wa. Ẹ̀sìn kò wọ́n láàrin wa nígbà náà. Sùúrù láti wádìí ni ó wọ́n.

Ẹlẹ́sìn lè bi wá pé, bí ènìyàn kò bá bẹ̀rù Ọlọ́run, ta ni yóò dá a dúró níbi tí ojú kò ti tó o? Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìbẹ̀rù Olódùmarè ti fa ọ̀pọ̀ ọwọ́ sẹ́yìn nínú ìkà, ẹ̀sìn sì ń fi ìtàn àti èèwọ̀ kọ́ ọmọdé ní ìwà. Àwa kò sẹ́ pé Olódùmarè ni orísun ohun rere. Ṣùgbọ́n bí òun bá ni ó fi ifá àyà sínú ènìyàn, bí Ìdòwú ti wí, inú gbogbo ènìyàn ni ó fi í sí. Nítorí náà, ẹni tí kò bọ ohunkóhun lè gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹni tí ń bọ ohun gbogbo sì lè di etí sí i.

Ẹ̀yin ọmọ awo, ibi tí ọ̀rọ̀ kàn yín nìyí. Bí ẹnìkan bá wá sí ilé yín, tí ó ní kí ẹ bá òun ṣe ohun tí yóò gba ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn kí òun lè lówó, ẹ má ṣe na ọwọ́ sí ọ̀pẹ̀lẹ̀. A kì í dá Ifá lórí ìyẹn, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ti wà kí a tó béèrè. Ẹni tí ó di dandan kí ó dá Ifá kí ó tó mọ̀ pé ìpànìyàn burú, kò tíì yẹ ní ẹni tí ń gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá wa fi ń rán wa níṣẹ́, tí wọ́n ń fi owó àti oúnjẹ dán wa wò, kí wọ́n tó fi Èjì Ogbè lé wa lọ́wọ́. Ìwà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí ìwà wa lè jẹ́rìí sí ẹ̀sìn wa. Àbọrú, àbọyè.