Gbèsè Orí Ọkọ̀ Tí Ó Ti Sọnù

Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí ń bẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa ra ọkọ̀ ní àwìn, wọ́n a sì gbà pé bí olè bá gbé e, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni yóò san gbèsè náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí ọkọ̀ tó lọ́jà ní ọjọ́ tí ó sọnù ni wọn ń san. Bí a bá ṣì jẹ £17,000, tí ọkọ̀ kò sì ju £14,000 lọ mọ́, £3,000 di ẹrù onígbèsè tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Àlàfo yìí ni ìdójútòfò tí à ń pè ní GAP wà láti dí.

A kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ FCA tí ń ṣọ́ òwò owó níbẹ̀ kéde pé nínú £100 tí àwọn oníbàárà san, £6 péré ni ó padà sọ́wọ́ wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ń fún ẹni tí ó bá wọn tà á ní tó £70 nígbà náà. Ẹ gbọ́ ná! Láti 2015 ni òfin ti kọ̀ fún òǹtajà ọkọ̀ láti parí títà rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí ó ṣàlàyé rẹ̀. Kí ẹ fi àyè náà ṣírò gbèsè yín mọ́ iye ọkọ̀ lọ́jà, kí ẹ sì béèrè iye owó rẹ̀ níbòmíràn kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.