Dída Ọ̀dà Sórí Pákó: Kì Í Ṣe Oríire Lásán

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Iṣẹ́ ọnà kan wà tí ó ń wu ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣe lóde òní. Wọn a po oríṣiríṣi ọ̀dà, wọn a dà wọ́n sórí pákó tàbí kánfáàsì, wọn a gbé pákó náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọ̀dà a sì máa ṣàn wọnú ara wọn bí àgbàrá òjò ṣe ń wọ odò Kàdúná. Ẹni tí ó ń ṣe é kò mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kò sì fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kankan. Síbẹ̀, bí iṣẹ́ bá parí, ojú pákó náà a dà bí òkúta mábù, tàbí bí ìyẹ́ ọ̀kín.

Nítorí pé ó rọrùn lójú, àwọn kan rò pé oríire ni. Wọn a ra ọ̀dà láàárọ̀, wọn a dà á lọ́sàn-án. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, gbogbo àwọ̀ ti dàpọ̀ di ẹrẹ̀, tàbí kí ojú rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ àbàtà tí oòrùn pa. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ti lọ nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí a mọ̀ ni pé ohun mẹ́ta ni ó ń pinnu bí iṣẹ́ yìí yóò ṣe rí: bí ọ̀dà ṣe wúwo tó, bí ó ṣe ki tó, àti bí ó ṣe gbẹ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a lè kọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a sì lè fi ọwọ́ ara wa tọ́ sọ́nà.

IBI TÍ IṢẸ́ YÌÍ TI ṢẸ̀

Kì í ṣe àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1936, ayàwòrán kan láti orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, David Alfaro Siqueiros, dá ibi ìdánrawò kan sílẹ̀ ní New York. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun mọ́tò ni òun àti àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń lò. Wọ́n tẹ́ pákó sílẹ̀, wọ́n sì ń da ọ̀dà kan lé òmíràn lórí. Siqueiros rí i pé àwọn ọ̀dà náà ń gba inú ara wọn yọ, wọ́n sì ń ṣe batani tí ọwọ́ ènìyàn kò lè yà. Ó pe ìlànà náà ní àwòrán àkọsẹ̀bá. Ó lò ó nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí a mọ̀ sí Collective Suicide, èyí tí ó wà ní ilé ìṣúra Museum of Modern Art ní New York. Jackson Pollock, ẹni tí ó wá di gbajúmọ̀ nítorí ọ̀dà tí ó ń tò sórí kánfáàsì, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, orúkọ àkọsẹ̀bá ni ó ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Mẹ́síkò, Sandra Zetina, Francisco Godínez àti Roberto Zenit, gbé àbájáde ìdánwò wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì PLoS ONE. Wọ́n da ọ̀dà funfun lé dúdú lórí, wọ́n sì da dúdú lé funfun. Ìgbà tí èyí tí ó wúwo wà lókè ni batani Siqueiros jáde. Àṣé àkọsẹ̀bá náà ní òfin tirẹ̀.

ÌWÚWO Ọ̀DÀ

Ẹ jẹ́ kí a gbé òfin náà yẹ̀ wò. Bí a bá da epo pupa àti omi pọ̀ sínú ìgò, epo ni yóò lékè, nítorí pé omi wúwo jù ú lọ. Bí ó ṣe rí fún ọ̀dà náà nìyẹn, àfi pé ọ̀dà ki, nítorí náà kò lè yára bọ́ sípò. Bí a bá da èyí tí ó wúwo lé èyí tí ó fúyẹ́ lórí, èyí tí ó wúwo a bẹ̀rẹ̀ sí rì díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó fúyẹ́ a sì máa wá àyè yọ sókè láàárín rẹ̀. Ibi tí ó bá ti yọ ni a ń rí àwọn ojú róbótó-róbótó tí ó mú kí iṣẹ́ yìí lẹ́wà.

Kí ni ó mú kí ọ̀dà kan wúwo ju òmíràn lọ? Lúbúlúbú àwọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni. Lúbúlúbú tí a fi ń ṣe ọ̀dà funfun, titanium dioxide, wúwo tó omi lọ́nà 4 àti díẹ̀. Àwọ̀ pupa bí ilẹ̀, tí a ti ara èròjà irin ṣe, wúwo tó omi lọ́nà 5. Búlúù tí wọ́n ń pè ní ultramarine jẹ́ 2.3, búlúù tí wọ́n ń pè ní phthalo kò sì ju 1.6 lọ. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ kí ojú ọ̀dà yọ, funfun ni kí o dà kẹ́yìn, kí ó wà lórí búlúù. Bí o bá sì fẹ́ kí àwọ̀ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí ó tẹ́jú, jẹ́ kí funfun wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ó mọ èyí ti kúrò ní ẹni tí ń ta tẹ́tẹ́.

KÍKI Ọ̀DÀ

Ọ̀dà àkírílíìkì jẹ́ lúbúlúbú àwọ̀ tí a pò mọ́ èròjà kan tí ó dà bí rọ́bà, tí gbogbo rẹ̀ sì wà nínú omi. Bí omi náà bá ti gbẹ lọ, rọ́bà náà a so pọ̀, kò sì tún ní yọ́ mọ́ bí omi bá kàn án. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a kàn máa bu omi lé e títí yóò fi ṣàn. Omi kò ní agbára ìsopọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ọ̀dà náà kò ní lẹ̀ dáadáa, gbogbo àwọ̀ a sì di ọ̀kan.

Èròjà kan wà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí gan-an, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fi iṣẹ́ dánra wò lè lo gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò. Po gọ́ọ̀mù ìwọ̀n 7 mọ́ omi ìwọ̀n 3. Lẹ́yìn náà, fi ọ̀dà ìwọ̀n 1 sí àpòpọ̀ yìí ìwọ̀n 2, kí o sì máa kán omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ìdérí ìgò kékeré tó láti fi wọ̀n ọ́n. Àmọ́ o, gọ́ọ̀mù yìí máa ń pọ́n bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ó sì lè rọ̀ bí ọ̀rinrin bá pọ̀. Fún ìdánrawò, ó tó. Fún iṣẹ́ tí o fẹ́ tà, ra èyí tí yóò pẹ́, kí oníbàárà má baà wá fi ọ́ bú lọ́jọ́ iwájú.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ti ki tó? Fi igi bọ inú rẹ̀, gbé e sókè. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣàn láìjá, bí oyin. Kí ibi tí ó ń bọ́ sí ga díẹ̀, kí ó sì pòórá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì. Bí ó bá dúró bí òkìtì, ó ti ki jù. Bí ó bá wọlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí omi, ó ti ṣàn jù. Gbogbo àwọ̀ tí o fẹ́ lò ni ó gbọ́dọ̀ ki bákan náà. Àwọn ìyá wa tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà pípẹ́: bí ẹ̀kọ bá ṣàn jù, a tàn ká ara aṣọ, bí ó bá ki jù, ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n fi ń yà á kò ní lè fà á.

OHUN ÈLÒ NÍ KÀDÚNÁ

Kò di ìgbà tí a bá lọ sí Èkó kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjà Panteka, níbi tí àwọn káfíńtà pọ̀ sí, a lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gé àjákù pláìwúùdù fún wa. Fi sáńpépà họ ojú rẹ̀, kí o sì kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mejì pẹ̀lú ọ̀dà ògiri funfun tí a ń pè ní emulsion, kí pákó má baà fa omi ọ̀dà mu. Má ṣe ra ọ̀dà olóròóró tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn. Kì í bá omi rẹ́.

Nípa ìwọ̀n, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Pákó tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìbú àti 30 ní òró, bí ọ̀dà orí rẹ̀ yóò bá nípọn tó mìlímítà 2, nílò mìlílítà 180. Bí a bá fi èyí tí yóò ṣàn dànù kún un, ó di nǹkan bí 250, ìyẹn ìdajì píọ̀ wọ́tà kan. Ṣùgbọ́n ojú pákó 15 sí 15 mẹ́rin kò ju ojú pákó 30 sí 30 kan ṣoṣo lọ. Ohun tí ìwọ ìbá fi ṣe àṣìṣe kan ńlá, o lè fi kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́rin.

BÍ A ṢE Ń DÀ Á

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn ọ̀nà tí ó dára fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìyí:

Èkínní, máa da àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ojú kan náà láàárín pákó, ọ̀kan lé èkejì lórí. Yóò ṣe òrùka bí ìgbà tí a sọ òkúta sódò.

Èkejì, da gbogbo àwọ̀ sínú ife kan láìrò wọ́n pọ̀. Gbé pákó dé ẹnu ife náà, di méjèèjì mú, kí o sì yí wọn dà. Dúró ìṣẹ́jú kan kí ọ̀dà sọ̀ kalẹ̀ tán, kí o tó ṣí ife náà.

Lẹ́yìn èyí ni a ń gbé pákó síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ọ̀dà yóò fi kárí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni o. Ẹni tí ó bá ń gbé e kiri ju bí ó ti yẹ lọ ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da àwọ̀ pọ̀. Ẹlòmíràn a máa kán òróró sílíkónù sí i kí ojú ọ̀dà lè pọ̀. Ẹ̀kán 2 tàbí 3 nínú ife ti tó, ṣùgbọ́n ó dára kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà láìsí i.

Kí o tó dà á rárá, rí i pé orí tábìlì rẹ dọ́gba. Bíríkìlà adúgbò lè yá ọ ní irinṣẹ́ tí ó fi ń wo ìdọ́gba. Tábìlì tí ó bá dagun díẹ̀ yóò wọ́ gbogbo iṣẹ́ náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí o bá ń sùn.

ỌYẸ́ ÀTI GBÍGBẸ

Ibí yìí ni Kàdúná ti yàtọ̀ sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Láti oṣù November títí di February, ọyẹ́ ní ìlú yìí a máa gbẹ́ni létè. Ohun tí ó ń ṣe fún ètè wa náà ni ó ń ṣe fún ọ̀dà. Ojú ọ̀dà a gbẹ kí inú rẹ̀ tó gbẹ, a súnkì, a sì sán. Eruku a tún wá lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, má ṣe sá iṣẹ́ rẹ sí oòrùn, má sì gbé e sábẹ́ fáànù. Gbé e sínú yàrá tí atẹ́gùn kò ti fẹ́ jù. Fi páálí bò ó, kí páálí náà má kan ojú rẹ̀, kí ọ̀rinrin lè máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Má sì jẹ́ kí ọ̀dà nípọn jù. Ní ìgbà òjò, sísán kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n gbígbẹ a pẹ́. Fún un ní ọjọ́ 3 kí o tó fọwọ́ kàn án, àti ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí o tó fi fáníìṣì sí i.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan: má ṣe da ọ̀dà tí ó ṣẹ́kù sínú gọ́tà. Jẹ́ kí ó gbẹ sórí ọ̀rá, kí o ká a kúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ń gé e lò fún ohun ọ̀ṣọ́.

ǸJẸ́ IṢẸ́ ỌNÀ NI?

Àwọn kan yóò ní, “Ẹni tí kò ya nǹkan kan, kí ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀?” Ìbéèrè gidi ni. Pollock fúnra rẹ̀ kò gbà pé àkọsẹ̀bá ni iṣẹ́ òun. Nítòsí wa níbí, ní Sàríà, ni Bruce Onobrakpeya ti kọ́ iṣẹ́ ọnà láti 1957 sí 1961. Nígbà tí ó yá, èròjà ásíìdì ba iṣẹ́ kan jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò jù ú nù. Láti ara rẹ̀ ni ó ti rí ìlànà tuntun tí ó fi kún òkìkí rẹ̀. Jàǹbá lè bá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ó lè sọ jàǹbá di ọ̀nà.

Àwọn aláró ayé àtijọ́ ń bọ Ìyá Màpó kí aró wọn lè dára, síbẹ̀ wọn kò tìtorí ìyẹn fi ìwọ̀n omi eérú ṣeré. Wọ́n ṣe tiwọn kí wọ́n tó fi ìyókù sílẹ̀. Bí dída ọ̀dà ṣe rí náà nìyẹn. Lẹ́yìn pákó kọ̀ọ̀kan, kọ ìwọ̀n tí o lò, àwọ̀ tí o kọ́kọ́ dà àti èyí tí o dà kẹ́yìn, àti ọjọ́ tí ó gbà kí ó tó gbẹ. Ohun kan ṣoṣo ni kí o máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí èyí tí o dà lónìí bá dára, kí o lè mọ ìdí tí ó fi dára. Bí kò bá sì dára, kí owó rẹ má baà lọ lásán.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ó ku ọwọ́ yín. Ẹ wá àjákù pákó, ẹ po ọ̀dà díẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀sọ̀ ṣe é. Ire o.