Síńkì àti Iṣẹ́ Àrokò Rẹ̀ Nínú Ara

Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń lo síńkì kí wọn tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bí alágbẹ̀dẹ idẹ bá ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ tàbí abẹ̀bẹ̀ Ọ̀ṣun, àpòpọ̀ bàbà àti síńkì ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé láìsí síńkì, bàbà kì í di idẹ. Nígbà tí páànù sì dé, tí ó lé koríko kúrò lórí ilé ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Òkèhò àti Kíṣì, irin pẹlẹbẹ ni páànù náà, tí a fi síńkì bò kí ó má baà tètè dípẹtà. Ṣùgbọ́n síńkì tí ó wà lórí ilé kọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín, bí kò ṣe èyí tí ó wà nínú ara ẹni tí ń gbé inú ilé náà. Kò pọ̀ rárá: gbogbo èyí tí ó wà nínú ara àgbàlagbà kò ju nǹkan bí gráàmù 2 sí 3 lọ. Síbẹ̀, bí ìwọ̀nba yìí bá dín, ọmọdé kì í dàgbà bí ó ti yẹ, egbò kì í tètè jinná, ìgbẹ́ gbuuru a sì máa ṣe ọmọ léraléra.

Fún ọdún púpọ̀, àwọn onímọ̀ ka síńkì sí ohun ìkọ́lé nìkan, bí ẹni ń sọ pé òpó tàbí àjà ni. Wọn kò ṣìnà. Ní 1940 ni Keilin àti Mann ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé síńkì wà nínú ẹ́ńsáìmù kan tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ń ran ara lọ́wọ́ láti kó afẹ́fẹ́ búburú lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kí a lè mí in síta. Ní 1985, Aaron Klug àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Cambridge tún rí i pé àwọn purotéènì kan wà tí síńkì mú kí wọn ká bí ìka ọwọ́, tí wọn sì ń fi ìka náà di DNA mú láti pinnu èwo nínú ohun àjogúnbá ni yóò ṣiṣẹ́ àti èwo ni yóò sinmi. A ṣírò rẹ̀ pé ó tó purotéènì 3,000 nínú ara ènìyàn tí síńkì so ró. Ṣùgbọ́n òpó kì í sọ̀rọ̀. Ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lóye rẹ̀ ni pé síńkì ń sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó bá mọ àrokò kò ní pẹ́ lóye èyí. Láyé àtijọ́, bí a bá sín ẹyọ owó sókùn tí a fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan, kì í ṣe pé kí ó fi ra nǹkan lọ́jà. Ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà mọ́ ẹni tí a ránṣẹ́ sí. Ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ẹyọ owó kan náà ni. Iye rẹ̀ àti ẹni tí ó gbà á ni ó yí ìtumọ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni síńkì nínú sẹ́ẹ̀lì, èyíinì ni àwọn yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí a fi mọ gbogbo ẹran ara. Síńkì kì í yí padà di ohun mìíràn. Bí ó ti pọ̀ sí i tàbí bí ó ti dín kù, àti ibi tí ìpọ̀sí tàbí ìdínkù náà ti ṣẹlẹ̀, ni sẹ́ẹ̀lì ń kà bí ẹni ń ka àrokò.

Kí àrokò tó lè ní ìtumọ̀, ẹyọ owó kò gbọdọ̀ máa fọ́n káàkiri ilé. Ìdí nìyí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣọ́ síńkì gidigidi. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ni purotéènì ti dì mú. Èyí tí ó wà lómìnira kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti wọ̀n. Gẹ́gẹ́ bí ìlú olódi ti máa ń ní oníbodè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn purotéènì kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì. Ìdílé oníbodè méjì ni ó wà. Àwọn tí à ń pè ní ZIP, tí iye wọn jẹ́ 14 nínú ara ènìyàn, ni ń mú síńkì wọ inú gbọ̀ngàn sẹ́ẹ̀lì. Àwọn tí à ń pè ní ZnT, tí iye wọn jẹ́ 10, ni ń kó o jáde síta tàbí sínú àwọn àká tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Purotéènì mìíràn tún wà tí a kọ́kọ́ rí nínú kíndìnrín ẹṣin ní 1957. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gbá síńkì tí ó bá ṣẹ́kù mọ́ra, bí síńkì bá sì ti ń pọ̀ sí i ni sẹ́ẹ̀lì ń ṣe púpọ̀ sí i nínú rẹ̀.

Ní 2007 ni àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Japan rí àrokò náà lójú ọ̀nà. Wọ́n ta irú sẹ́ẹ̀lì kan jí, lára àwọn tí ń mú kí ara yún kí ó sì wú bí ohun àjèjì bá wọ inú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, síńkì tú jáde láti ìtòsí àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì bí ìgbì omi. Kí ni ìgbì náà ń ṣe? Nínú sẹ́ẹ̀lì, a máa ń so àmì fósféètì mọ́ purotéènì kí ó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ẹ́ńsáìmù kan sì wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti já àmì náà kúrò kí iṣẹ́ má baà pẹ́ jù. Síńkì a máa di irú àwọn wọ̀nyí lọ́wọ́. Bí ó bá ti dì wọ́n lọ́wọ́, iṣẹ́ tí a rán kò ní kú sójú ọ̀nà. Bí síńkì kò bá tó, iṣẹ́ náà yóò parẹ́ kí ó tó dé ibi tí à ń rán an lọ, sẹ́ẹ̀lì tí ó sì yẹ kí ó pín sí méjì láti dí ojú egbò yóò dúró bí ẹni tí kò gbọ́ ìpè.

Ní ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn òbí jù lọ, inú ìfun ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó bo ara ìfun kì í pẹ́ láyé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń kú tí àwọn tuntun sì ń rọ́pò wọn. Lára wọn ni etí kan wà tí ń gbọ́ síńkì tí ó wà lóde sẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá gbọ́ ọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì a fún mọ́ ara wọn, omi ara kò sì ní máa jò sínú ìfun bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìgbẹ́ gbuuru ń gbá síńkì lọ kúrò nínú ara. Àìtó síńkì sì ń mú kí ìgbẹ́ gbuuru pẹ́. Ara kò sì ní àká kan tí ó ń tọ́jú síńkì sí di ọjọ́ pípẹ́, bí ó ti ń tọ́jú irin sínú ẹ̀dọ̀. Oúnjẹ òòjọ́ ni ó gbára lé.

Ẹnìkan lè sọ pé bí ó bá jẹ́ ti oúnjẹ ni, kí ènìyàn ṣáà ti yó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Shiraz ní ilẹ̀ Ìránì ní 1958 kò fara mọ́ èyí. A fi ọkùnrin ẹni ọdún 21 kan han dókítà ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí à ń pè ní Ananda Prasad. Ara ọkùnrin náà dà bí ti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kì í ṣe pé ebi ń pa á. Búrẹ́dì àlìkámà tí kò ní ìwúkàrà ni ó ń jẹ, ó sì ń jẹ amọ̀. Prasad gbé àbá rẹ̀ jáde ní 1961 pé àìtó síńkì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àyẹ̀wò tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Íjíbítì ní 1963 sì gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a fún irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ní síńkì, wọ́n ga, wọ́n sì di géńdé. Síńkì wà nínú àlìkámà wọn. Ohun kan tí à ń pè ní fáítéètì, tí ó wà nínú èèpo ọkà àti ẹ̀wà, ni ó dì í mú tí ìfun kò fi rí i gbà.

Ìwúkàrà ni kókó ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé oúnjẹ tí a bá jẹ́ kí ó kan máa ń pàdánù púpọ̀ nínú fáítéètì rẹ̀. Níhìn-ín ni ó yẹ kí a yin àwọn ìyá Òkè-Ògùn. Wọ́n ń rẹ ọkà bàbà tàbí àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n sì ń jẹ́ kí ó tòrò kí ó sì kan kí wọn tó pè é ní ògì. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ fáítéètì, síbẹ̀ wọ́n ti ń bá a jà láti ìrandíran. Irú tí a ń bò mọ́lẹ̀ kí ó tó di jíjẹ ń gba irú ìtọ́jú kan náà. Àléébù kan wà ṣá o: nígbà tí a bá sẹ́ ògì, díẹ̀ nínú síńkì ń bá èérí lọ, ẹran ọ̀sìn sì ni ń jẹ ẹ́.

Ní ti ọkà, tí àwọn ará ibòmíràn ń pè ní àmàlà, inú èlùbọ́ iṣu ni ó ti ń wá, Ṣakí àti agbègbè rẹ̀ sì lókìkí nídìí èlùbọ́. Oúnjẹ agbára ni, ṣùgbọ́n kò ní síńkì púpọ̀: 100 gráàmù iṣu kò ní tó mílígráàmù kan, bẹ́ẹ̀ ni iye kan náà ti ẹran màlúù lè ní mílígráàmù 4 sí 6. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta nílò nǹkan bí mílígráàmù 3 lójúmọ́. Ọkùnrin àgbà nílò 11. Ohun tí yóò dí àlàfo náà kò jìnnà sí Òkè-Ògùn. Egúsí wà lóko wọn, ẹ̀wà wà, wàrà wà lórí àwọn obìnrin Fúlàní ní gbogbo ọjà, màlúù sì ń jẹko káàkiri ọ̀dàn. Ohun tí ó báni nínú jẹ́ ni pé inú àwo bàbá ni ẹran máa ń pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ilé ni a ti ń sọ pé bí ọmọdé bá ń jẹ ẹran àti ẹyin, yóò di olè. Ọmọ tí wọ́n ń bá wí yìí ni ó nílò rẹ̀ jù nínú ilé.

Ìwádìí lórí oúnjẹ tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láti 2001 sí 2003, tí iléeṣẹ́ IITA ní Ìbàdàn kó ipa nínú rẹ̀, fi hàn pé nǹkan bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ márùn-ún tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni síńkì kò tó nínú ara rẹ̀. Ní 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gba gbogbo orílẹ̀-èdè níyànjú pé kí a máa fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe ní omi iyọ̀ àti ṣúgà, kí a sì fi síńkì kún un fún ọjọ́ 10 sí 14: mílígráàmù 20 lójúmọ́, tàbí 10 bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà.

Ọjọ́ mẹ́wàá yìí ni ó ń rú ọ̀pọ̀ ìyá lójú. Ìgbẹ́ náà lè dá ní ọjọ́ kẹta; ọmọ ń ṣeré, ó ń jẹun, oògùn sì kù nínú páálí. Ó rọrùn láti pa ìyókù mọ́ de ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n dídá ìgbẹ́ kì í ṣe òpin iṣẹ́ tí síńkì wá ṣe. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìfun tuntun ṣì ń hù, àwọn tí ń bá àrùn jà ṣì ń pọ̀ sí i, àrokò sì gbọ́dọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ọmọ bá lo oògùn náà tán, ìgbẹ́ gbuuru kì í sábà tètè padà wá láàárín oṣù méjì tàbí mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn ìyá mìíràn ń dá a dúró nítorí pé ọmọ ń bì. Ìwádìí tí a ṣe lára ọmọ 4,500 ní Íńdíà àti Tàǹsáníà, tí a tẹ̀ jáde ní 2020, fi hàn pé mílígráàmù 5 tàbí 10 lójúmọ́ ṣiṣẹ́ bí 20 ti ṣiṣẹ́, èébì sì dín kù. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń bì í, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni kí ìyá padà sí kí wọn wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún un, kí ó má sì fi páálí náà sórí àjà.