Ẹ̀yin oníṣòwò tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́mọ yín lọ kọ́ nípa okòwò ní yunifásítì ńlá, ẹ yẹ orúkọ náà wò kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀

Kò sí oníṣòwò tí kò ní í fẹ́ kọ́mọ òun mọ òwò ju òun lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bọ́mọ bá ti ń sún mọ́ àtijáde nílé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì, tó sì ní okòwò lòun fẹ́ kà, orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ òbí ni Harvard. Àwọn mí-ìn á ní Stanford. Àwọn tí kò fẹ́ kọ́mọ wọn rìn jìnnà á ní Lagos Business School. Orúkọ ńlá ni gbogbo wọn, a ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú ilé-ìwé òwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì wọlé láti kọ́ okòwò fún dìgírì àkọ́kọ́.

Harvard Business School, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1908, àwọn tó ti gba dìgírì kan tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Harvard College táwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ kò ní okòwò lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ, ètò ọrọ̀ ajé ni ọ̀pọ̀ àwọn tó nífẹ̀ẹ́ sí òwò máa ń kà níbẹ̀. Bí ti Stanford àti Yale náà ṣe rí nìyẹn, wọ́n nílé-ìwé òwò, ṣùgbọ́n àwọn tó ti ní dìgírì ló wà fún. Princeton ní tiẹ̀ kò tilẹ̀ nílé-ìwé òwò kankan. Nítorí náà, àjẹ́ńtì tó bá ní kẹ́ ẹ mówó wá kóun bá ọmọ yín gba àyè láti ka okòwò ní Harvard bó ṣe ń ti sẹ́kọ́ńdírì bọ̀, ẹ mọ irú ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ Lagos Business School yẹ kó yé wa dáadáa. Láti ọdún 1991 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ níbẹ̀. Pan-Atlantic University tó ni ín wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọ̀dọ́ fún dìgírì àkọ́kọ́ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí lọ́dún 2014, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní okòwò àti ìṣirò owó. Abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n wà, àmọ́ ẹnu ọ̀nà wọn ò pa pọ̀.

Ta ló wá ń kọ́ ọ lókè òkun? Ní Amẹ́ríkà, àgbà wọn ni Wharton, tó wà nínú University of Pennsylvania nílùú Philadelphia. Joseph Wharton tó fi irin àti nickel lówó ló gbé owó kalẹ̀ tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lọ́dún 1881. Ọmọ ọdún méjìdínlógún lè wọ ibẹ̀ tààrà. Stern ní New York University àti Ross ní Michigan náà ń kọ́ ọ. Owó lọ̀rọ̀ wà. Ní Pennsylvania, bẹ́ ẹ bá ka ilé gbígbé àtoúnjẹ mọ́ ọn, owó ọdún kan ti kọjá $90,000. Wọ́n máa ń ran ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ o, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wo bó ṣe béèrè owó mọ́ ìdí tí wọ́n á fi gbà á tàbí tí wọn ò ní í gbà á. Ẹni tí kò bá sì béèrè níbẹ̀rẹ̀, tó rò pé bóun bá ti wọlé tán lòun yóò béèrè, ó ti pẹ́ jù.

Èyí tó máa ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni ti MIT. Ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì la mọ̀ ọ́n mọ́, bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́ níbẹ̀ lè kọ́ nípa ìṣàkóso iléeṣẹ́ tàbí ìnáwó ní Sloan, ilé-ìwé òwò wọn. Wọn kì í wo àpò òbí kí wọ́n tó gbà ọmọ, ì báà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, èyí tí agbára ẹbí ò bá sì ká nínú owó náà, àwọn ló máa gbé e. Kìkì pé díẹ̀ báyìí ni wọ́n ń gbà nínú àwọn tó ń béèrè, ọmọ tí kò bá sì fẹ́ràn ìṣirò, kó má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú.

Ẹ má sì gbàgbé pé lóṣù Kejìlá, ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu àṣẹ tó dá físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró fáwọn ọmọ Nàìjíríà, láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, 2026. Ẹni tọ́mọ ẹ̀ ní ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà, ìyẹn ò kàn án. Ẹni tí ti ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, kó béèrè ibi tí àṣẹ náà dé kó tó sanwó ìdánwò SAT.

Ní ìlú Ọba, LSE ní London ń kọ́ okòwò fún ọdún mẹ́ta, Warwick náà ń kọ́ ọ. Oxford pa á pọ̀ mọ́ ètò ọrọ̀ ajé. Ìwé ẹ̀rí WAEC nìkan kì í tó fún wọn, ọmọ gbọ́dọ̀ ní A-level tàbí irú ẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ ó sanwó ilé-ìwé sí i kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé. Ohun kan tún wà tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀: físà akẹ́kọ̀ọ́ ìlú Ọba kò gba ọmọ láyè láti dá òwò tiẹ̀ sílẹ̀. Ó lè gbaṣẹ́ fún wákàtí ogún lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣí sọ́ọ̀bù. Ẹ wò ó, òwò lẹ rán an lọ kọ́!

Ibi tó ti ń dun èèyàn jù lọ ni ti náírà. Ní kùtùkùtù ọdún 2023, ₦460 tàbí ìwọ̀nba lé díẹ̀ ni báńkì ń ta dọ́là kan. Lóṣù Kẹfà ọdún náà ni báńkì àpapọ̀ jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara ẹ̀, nígbà tó fi máa di 2024, dọ́là ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó ń san $30,000 lọ́dún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù ₦13.8, kọ́mọ ẹ̀ tó ṣe ọdún méjì, ó ti di mílíọ̀nù ₦45. Owó ilé-ìwé ò lé kọ́bọ̀ kan, náírà ló ṣubú. Èrè ọjà kì í sáré tó bẹ́ẹ̀. Ojú owó ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í já jẹ, ọjà á máa tán nínú sọ́ọ̀bù, oníbàárà á lọ síbòmíràn, ọmọ yóò sì gba dìgírì okòwò wálé wá bá ilé òfìfo. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èrò tiwa ni pé bí owó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin náà ò bá sí nílẹ̀ lówó òkèèrè látìbẹ̀rẹ̀, tí kò sì sí ìrànwọ́ tó dájú, kéèyàn má tíì gbé ọmọ wọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ wo àwọn tó lówó jù láàárín wa. Mike Adénúgà tó ni Globacom, Northwestern Oklahoma State University, ilé-ìwé kékeré kan tí ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, ló ti kọ́ okòwò, kó tó lọ sí Pace ní New York. Aliko Dangote lọ sí Al-Azhar ní Cairo. Warren Buffett wọ Wharton lọ́dún 1947, ọdún méjì péré ló lò tó fi kúrò, Nebraska ló ti gba dìgírì. Èyí ò wá sọ pé orúkọ ò ṣe nǹkan kan o. Bọ́mọ yín bá fẹ́ gbaṣẹ́ sí báńkì ńlá ní London tàbí New York, orúkọ ilé-ìwé ló máa kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún un. Bó bá jẹ́ pé sọ́ọ̀bù yín ló fẹ́ wá gbà, oníbàárà tó wá ra páìpù tàbí aṣọ kò ní í béèrè ibi tó ti kàwé. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá a sọ jókòó.

Ẹni tó bá pinnu pé ilé yìí náà ni, UNILAG ti ń kọ́ okòwò látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1962. Owó yáwá NELFUND tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024, tí kò ní èlé, àwọn ilé-ìwé ìjọba ló wà fún, kò kan ti aládàáni. Àlébù ti ìjọba la sì mọ̀: lọ́dún 2022, oṣù mẹ́jọ ni ASUU fi daṣẹ́ sílẹ̀.

Ọmọ tó wà ní SS1, ẹ jẹ́ kó mú Further Mathematics báyìí, torí Wharton àti LSE máa ń wo ìṣirò gan-an. Oxford kì í gba ìwé mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹwàá, ọdún tó ṣáájú èyí tọ́mọ fẹ́ wọlé. Fún JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti Economics ni, pẹ̀lú ẹyọ kan sí i.