Nígbà Tí Ẹ̀rù Ìdánwò Bá Ba Ọmọ Yunifásítì

Àwọn tó ń yá owó ẹgbẹ́ láti fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì kò kéré láàárín wa. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ mẹ́nu ba ohun kan tó lè sọ irú owó bẹ́ẹ̀ di òfò: ọmọ kàwé, ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bó ti jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò, gbogbo rẹ̀ pòórá.

Ẹ má tètè pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má sì sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ní 1960 ni Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò l'Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tí orí ń gbóná, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí ohun tí wọ́n ń kà kò sì yé wọn mọ́. Brain fag ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pè é.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ibi tí a ti ń gbé èrò tí a ń rò lọ́wọ́ yẹ̀ wò nínú ọpọlọ kò fẹ̀. Ó dà bí àtẹ kékeré. Bí a bá kó ẹrù tí kì í ṣe ti títà sórí rẹ̀, ọjà gan-an kò ní ríbi jókòó. "Bí mo bá féèlì ńkọ́? Kí ni Màmá yóò wí?" Ẹrù náà nìyẹn. Ìbẹ̀rù díẹ̀ kò burú o, òun ló ń jí ọmọ kàwé. Àpọ̀jù rẹ̀ ni wàhálà.

Ní 2011, Gerardo Ramirez àti Sian Beilock ní Yunifásítì Chicago l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣẹ́jú 10 kọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù sórí tákàdá kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ẹ̀rù máa ń bà jù ló jèrè rẹ̀ jù, máàkì wọn gòkè. Kò sí oògùn nínú tákàdá. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ti sọ díẹ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ ni. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó dán an wò. Kò ná ni ní kọ́bọ̀.

Ibi tó kan àwa òbí ló wá le. A ò yọ ara wa sílẹ̀ o. Ìdánwò ku ọ̀la, a ó gbé fóònù: "Rántí pé owó ẹgbẹ́ ni mo yá sí i o!" Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àtẹ ọmọ la tún ń di ẹrù lé. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó dúró di ìgbà ìsinmi. Lálẹ́ ọjọ́ náà, "Ṣé o ti jẹun? Tètè sùn o" tó.

Bí ọmọ kò bá wá sùn fún ọjọ́ púpọ̀, tí kò jẹun, tàbí tó ní ayé sú òun, ẹ má ní kó parí ìdánwò ná. Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀ ní ilé ìwòsàn nínú ọgbà wọn. Ẹ ní kó lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ bá sì lè wọ mọ́tò, ẹ bá a lọ.