DẸ́RẸ́BÀ INÁ LED: KÍ A ṢE É NI, TÀBÍ KÍ A RÀ Á?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Yálà Òkè Ọya ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà tàbí ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire, gbogbo wa tí a ń kàwé l'Abuja la mọ bí iná ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀. Láti 2013 ni AEDC ti gba iṣẹ́ pínpín iná níbí, síbẹ̀ NEPA náà là ń pè é. Ìdí nìyí tí iná LED fi wọ́pọ̀ ní yàrá wa: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀, kò sì jẹ iná púpọ̀.

Ṣùgbọ́n LED kò dà bíi gílóòbù àtijọ́. LED funfun kan ń fẹ́ nǹkan bíi fólítì 3. Bí fólítì bá fi díẹ̀ lé sí i, ìṣàn iná inú rẹ̀ yóò fò sókè, yóò gbóná, yóò sì jó. Ohun tí ó ń di ìṣàn náà mú kí ó má kọjá ìwọ̀n ni à ń pè ní dẹ́rẹ́bà. Kì í ṣe ti mọ́tò o!

Ṣíṣe é kò le. LM317 kan àti rẹsítọ̀ kan tó. Ẹ fi ìṣàn tí ẹ ń fẹ́ pín 1.25. LED oníwáàtì 1 sábà máa ń fẹ́ 0.35 ampere, rẹsítọ̀ yín yóò jẹ́ nǹkan bíi ohm 3.6. Ẹ so LED méjì tẹ̀léra mọ́ bátìrì fólítì 12. Àwọn méjèèjì yóò gba bíi fólítì 6, èyí tí ó kù yóò di ooru tí ó tó wáàtì 2. Ìdajì agbára bátìrì ṣòfò nìyẹn! Ẹ de LM317 náà mọ́ irin alumíníọ̀mù kí ó má baà gbóná jù.

Èyí tí a ń rà ńkọ́? Èyí tí ó dára kì í fi iná ṣòfò tó bẹ́ẹ̀. Òmíràn wà tí a kọ 85 sí 265 fólítì sí lára, tí yóò ṣiṣẹ́ bí iná NEPA tilẹ̀ rẹlẹ̀. Kí ẹ tó sanwó ní Wuse, ẹ wò ó bóyá ìṣàn àti fólítì tí a kọ sí i bá LED yín mu.

Ewu ibẹ̀ ni pé iná NEPA jẹ́ fólítì 230. Ó lè pa èèyàn, ó sì lè jó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tí ó dára ní fíùsì, òmíràn sì ní ohun tí ó ya iná NEPA sọ́tọ̀ kúrò lára LED. Àfọwọ́ṣe wa kò ní èyíkéyìí nínú wọn.

Nítorí náà, ti bátìrì, ẹ jẹ́ ká ṣe é: a ó fi kọ́ iṣẹ́, a ó sì lè tún un ṣe. Ti NEPA, ẹ jẹ́ ká rà á. Ẹ̀mí kò ní àárọ̀.