Ilé-ìkàwé yunifásítì

Ilé-ìkàwé yunifásítì ni ilé-ìkàwé tí yunifásítì dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́, ìkọ́ni àti ìwádìí. Ní ìgbà àtijọ́, ìtọ́jú ìwé ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Lóde òní, ìwúlò rẹ̀ fún àwọn ènìyàn inú ọgbà ni a fi ń díwọ̀n iyì rẹ̀.

Ìtàn

Ní ọdún 1602 ni Ilé-ìkàwé Bodley ti Yunifásítì Oxford ṣí fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi de àwọn ìwé ńlá mọ́ pẹpẹ, òfin kò sì gba ẹnikẹ́ni láàyè láti yá ìwé jáde. Nígbà tí Ọba Charles Kìíní béèrè fún ìwé kan ní ọdún 1645, wọn kò yá a.

Ní Nàìjíríà, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, John Harris sì ni ọ̀gá ilé-ìkàwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin ọdún 1950 ní kí àwọn atẹ̀wéjáde máa fi ẹ̀dà ìwé wọn pamọ́ síbẹ̀. Orúkọ Kenneth Onwuka Dike, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ gíwá yunifásítì náà, ni ilé-ìkàwé ọ̀hún ń jẹ́ lónìí.

Àyípadà

Íntánẹ́ẹ̀tì mú kí ènìyàn lè ka jọ́nà láì dé ibi pẹpẹ. Ní ọdún 1994, Yunifásítì Gúúsù Kalifọ́níà ṣí Ilé-ìkàwé Leavey, níbi tí kọ̀ǹpútà, yàrá ìjíròrò àti òṣìṣẹ́ tó ń tọ́ni sọ́nà ti wà pọ̀. Ní ọdún 2002, MIT àti Hewlett-Packard gbé DSpace jáde, ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-ìkàwé fi ń gbé iṣẹ́ ìwádìí àwọn ènìyàn yunifásítì rẹ̀ síta fún gbogbo ayé.

Ìpèníjà

Iṣẹ́ tí a kò fojú rí kì í pẹ́ di ìgbàgbé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka jọ́nà lórí fóònù lè má mọ̀ pé ilé-ìkàwé ló san owó rẹ̀. Bí àga bá sì ṣófo, àwọn tó ń pín owó lè rò pé ilé-ìkàwé kò wúlò mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ń tọ àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lọ, tí wọ́n sì ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń wá ìmọ̀ àti bí a ṣe ń yẹ òótọ́ rẹ̀ wò.

Ní Nàìjíríà, owó dọ́là ni a fi ń ra ọ̀pọ̀ jọ́nà òkèèrè, owó dátà wọ́n, iná mànàmáná kò sì dúró. Nítorí náà, ìwé títẹ̀ àti ibi ìjókòó tó parọ́rọ́ ṣì ṣe pàtàkì níbẹ̀.